Ẹ Lo Oògùn Yín

Wọ́n máa ń sọ pé onínúfùfù ni mí. Mi ò jiyàn. Ẹni tó bá jókòó sí kóòtù láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí kò gbọ́dọ̀ la ẹnu, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlòmíì ló ń táìpù ṣáá, tó bá délé, ó yẹ kó rí nǹkan tí yóò bínú sí. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Adájọ́ sọ̀rọ̀, mo táìpù rẹ̀. Lọ́yà sọ̀rọ̀, mo táìpù rẹ̀. Olè sọ̀rọ̀, ó sunkún, ó parọ́, mo táìpù rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti wà lórí àga yẹn, mo sì ti rí àìmọye èèyàn tó fi ẹnu ara rẹ̀ ran ara rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ Bàbá mi ni mo fẹ́ sọ, àti ti àbúrò mi ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé lógójì ọdún, tó sì sanra jù mí lọ.

Bàbá mi ló ń yí fíìmù ní ilé sinimá nígbà tí a wà lọ́mọdé. Yàrá tóóró kan wà lókè, lẹ́yìn àwọn òǹwòran, ibẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn, èmi náà á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n ti ilé sinimá náà pa, Bàbá gbé fíìmù wálé, wọ́n ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, àìsàn kan dá wọn gúnlẹ̀. Wọ́n jí lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Etí méjèèjì ti di pátápátá. Wọ́n lè sọ̀rọ̀, ohùn wọn ò yí padà, ṣùgbọ́n tí a bá fẹ́ dá wọn lóhùn, àfi ká kọ ọ́ sórí síléètì. Ohun tó sì dùn wọ́n jù kì í ṣe pé wọn ò gbọ́ ohùn àwa ọmọ mọ́. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Fíìmù ló dùn wọ́n jù. Wọ́n á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa wo ẹnu àwọn èèyàn, wọ́n á ní, "Kí ló sọ? Ìyẹn ńkọ́, kí lòun sọ?" títí ó fi sú mi.

Iṣẹ́ mi kọ́ ni táìpù ni? Mo gbé kọ̀ǹpútà síwájú, mò ń gbọ́ fíìmù, mò ń táìpù ohun tí wọ́n ń sọ, mo sì ń fi àkókò sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rọ̀ lè jáde nísàlẹ̀ àwòrán gẹ́lẹ́ bí ẹnu bá ṣe ń là. Fíìmù kan máa ń gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e fún Bàbá, wọ́n wò ó tán, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ìwọ ni etí mi." Láti ọjọ́ náà wọn ò pè mí lórúkọ mọ́. Etí Mi, o ti dé? Etí Mi, bu omi fún mi.

Ọ̀rọ̀ oògùn wá wà níbẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, aago mẹ́ta ni wọ́n sì máa ń bẹ̀rẹ̀ fíìmù. Bí Bàbá bá ti wọ inú fíìmù báyìí, wọn ò rántí ara wọn mọ́. Èmi wà ní kóòtù. Kí ni mo ṣe? Tí fíìmù bá ti pé wákàtí kan géérégé, àwọn inú fíìmù ìbáà máa jà, wọn ìbáà máa sunkún, mo máa ń ki ìlà kan bọ àárín ọ̀rọ̀ wọn: "Bàbá, ẹ lo oògùn yín. Èyí tó funfun." Á hàn fún ìgbà díẹ̀, á lọ. Lọ́jọ́ kan Bàbá sọ fún mi pé apànìyàn kan na ìbọn sí ẹnìkan nínú fíìmù, ó dijú mágbárí, ó lanu, ó ní kí òun lo oògùn òun. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Kékeré ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ti ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. Ó rí iṣẹ́ mi lọ́dọ̀ Bàbá, ó ní kí n fún òun náà, pé àwọn tí kò gbọ́ròó pọ̀ nílùú. Mo fún un. Mo kọ́kọ́ yọ ìlà oògùn kúrò, torí ìyẹn kì í ṣe ti gbogbo ayé. Bó ṣe di ẹ̀dà méjì nìyẹn: èyí tó ní ìlà oògùn wà lórí fláàṣì tí Bàbá ń ki bọ tẹlifíṣọ̀n wọn, èyí tí kò ní in lọ sọ́dọ̀ Kékeré. Kí n tó mọ̀, ó ti ṣí ìkànnì kan lórí ayélujára. Fíìmù tí ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n gbé jáde, ẹ ó bá a níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ó yẹ kí èèyàn rà, Kékeré ti já kọ́kọ́rọ́ wọn, ó tò wọ́n kalẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Owó àwọn tó ń polówó ọjà níbẹ̀ ló fi ń jẹun. Ní ìparí fíìmù kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ́ pé: "Ọ̀rọ̀ láti ọwọ́ Etí Bàbá." Ó ní òun fi ń yẹ́ mi sí ni. Orúkọ tirẹ̀ ò sí níbì kankan.

Mi ò sọ pé ọwọ́ mi mọ́. Mo mọ̀ pé olè ni, èmi tí mò ń táìpù ẹjọ́ olè lójoojúmọ́. Mò ń tan ara mi pé ọ̀rọ̀ ni tèmi, àwòrán ni Kékeré jí. Àwọn adití sì ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí ìkànnì náà pé, Etí Bàbá, Ọlọ́run á bù kún ọ, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí èmi àtìyàwó mi máa jọ rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan náà. Orí mi wú. Ta ni orí ẹ̀ ò ní wú?

Ọjọ́ Ajé kan ni ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé ìkànnì náà. Ẹni tó bá ṣí i, òǹtẹ̀ ọlọ́pàá ló máa rí gàdàgbà, àti ìkìlọ̀ pé jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́ lè gbéni dé ẹ̀wọ̀n. Kì í ṣe tiwa nìkan. Àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè bíi mẹ́rin ló pawọ́ pọ̀, wọ́n ti ogójì ìkànnì pa lọ́jọ́ kan náà. Àlùbọ́sà ni mò ń gé nígbà tí mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Agbẹnusọ ọlọ́pàá ní àwọn ṣì ń wá ọ̀kan nínú ọ̀gá àwọn tó ń jí fíìmù, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára fíìmù tó lé ní ẹgbẹ̀ta, tó ń jẹ́ Etí Bàbá. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá wọn. Èmi.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò tíì pẹ́ tí mo ti ibi iṣẹ́ dé tí Kékeré fi wọlé. Kò jókòó. Orí ìkúnlẹ̀ ló balẹ̀ sí nínú kíṣìnnì mi.

"Àǹtí mi, ẹ gbà mí."

"Dìde nílẹ̀, ilẹ̀ tutù."

"Wọ́n ti kó gbogbo kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ní ta ló ni ìkànnì, mo ní mi ò mọ̀, pé èmi kàn ń bá àwọn oníbàárà tún nǹkan ṣe ni. Tí wọ́n bá dọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ wo ti àwọn ọmọ mi mẹ́ta."

"Ìwọ ńkọ́? Tí wọ́n bá fún ọ mọ́lẹ̀, ṣé ìwọ ò ní dárúkọ mi?"

"Èmi? Kí n dárúkọ yín? Ṣé orí mi dàrú ni?"

"Kékeré, wò mí lójú."

Ó wò mí lójú. Ohun tó ń dùn mí títí di òní nìyẹn, pé ó wò mí lójú, kò sì ṣẹ́jú. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìyá wa kú, èmi jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún un, èmi ni mò ń fà á lọ́wọ́ lọ sílé ìwé, èmi ni mò ń bá a jà tí wọ́n bá nà án. Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀. Mo ní, "Wọn ò ní gbọ́ orúkọ rẹ lẹ́nu mi."

Bó ṣe lọ tán, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo pa gbogbo iṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án rẹ́. Mo nù ún mọ́ tónítóní. Fláàṣì Bàbá nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Mo ní tí mo bá gba fláàṣì yìí, kí ni arúgbó máa wá máa wò? Ta ló máa rán wọn létí oògùn? Mo fi í sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wá. Ọkùnrin méjì tí kò wọ aṣọ ọlọ́pàá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn nínú kóòtù, mo rò pé ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Bí adájọ́ ṣe dìde fún ìsinmi, wọ́n bá mi lórí àga mi, wọ́n ní kí n káàlọ. Gbogbo wa la mọ òfin ibẹ̀: ẹni tí kóòtù bá ti dá lẹ́bi, iṣẹ́ kóòtù ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí láé, ká má tíì sọ ti ẹ̀wọ̀n. Akọ̀wé àgbà ń wò mí, lọ́yà ń wò mí, olè tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ táìpù ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán náà ń wò mí. Ojú tì mí débi pé mi ò mú ike oúnjẹ mi.

Ọ́fíìsì tí wọ́n mú mi lọ tutù. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kán omi sínú báàkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tí ọ̀fìnkìn ń bá jà, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ìka méjì péré ló fi ń táìpù. Á wá lẹ́tà kan títí bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà, á tẹ̀ ẹ́, á tún gbójú sókè wò ó bóyá ó jáde. Lọ́kàn mi, mo sọ ọ́ ní Oníka-Méjì.

"Màdáàmù, ṣé ẹ mọ ẹni tó ń jẹ́ Etí Bàbá?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ó táìpù rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó tán.

"Àbúrò yín tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ńkọ́? Kí lẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀?"

"Fóònù ló ń tún ṣe. Ẹlẹ́mìí jẹ́jẹ́ ni. Kò mọ nǹkan kan nípa fíìmù."

Bí a ṣe ṣe é fún bíi wákàtí méjì nìyẹn. Ó yí ìbéèrè sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, èmi ò yẹ̀. Mo tiẹ̀ ń yin ara mi nínú. Mo ní ẹ wò mí, èmi tí mo ti rí gbogbo bí wọ́n ṣe ń kó sí wọn lọ́wọ́, wọn ò rí nǹkan kan gbọ́ lẹ́nu mi.

Oníka-Méjì nu imú. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú fláàṣì kan jáde nínú ọ̀rá funfun, ó ki í bọ kọ̀ǹpútà, ó yí ojú rẹ̀ sí mi. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Kò jẹ́ kó rìn. Ó fà á lọ síwájú tààrà sí wákàtí kan, ó sì fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Obìnrin kan ń kí ọmọ rẹ̀ pé ó dàbọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, omijé ń dà lójú rẹ̀, nísàlẹ̀ àwòrán sì rèé: "Bàbá, ẹ lo oògùn yín. Èyí tó funfun."

"Màdáàmù," ó ní, "ta ló ń lo oògùn?"

Mo dìde fùú. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ibi tí mo wà. "Ẹ lọ tú ilé Bàbá mi? Arúgbó tí kò gbọ́ròó, ẹ lọ já wọlé tọ̀ wọ́n? Ṣé ẹ̀rù Ọlọ́run ò bà yín ni?"

"Ẹ jókòó. A ò tú ilé ẹnikẹ́ni. Àwọn fúnra wọn ló gbé e wá láàárọ̀ àná, àwọn àti àbúrò yín. Ẹ wo lẹ́tà wọn."

Ó na bébà kan sí mi. Mi ò tíì kà á tí mo ti mọ̀. Ìwé tí Bàbá mi máa ń kọ sára agolo fíìmù nínú yàrá tóóró yẹn ni mo fi kọ́ ìwé kíkà. Kò sí ọwọ́ ìkọ̀wé kan láyé tí mo mọ̀ tó o.

"Èmi ni bàbá wọn. Ẹni tí ẹ ń pè ní Etí Bàbá, ọmọ mi obìnrin ni, ó ń ṣiṣẹ́ táìpù ní kóòtù. Òun ló ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ abẹ́ fíìmù. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú fláàṣì yìí, ẹ wo wákàtí kan nínú fíìmù kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ibi tó ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Àbúrò rẹ̀ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ní ọmọ mẹ́ta. Òun ò ní ọkọ, kò bímọ, kò sí ẹni tí ebi máa pa tí kò bá sí nílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra ṣe é."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ rọra ṣe é. Bíi pé adìyẹ ni wọ́n fẹ́ pa. Ẹ wo wákàtí kan. Àwọn ni wọ́n sọ ibi tí wọ́n máa wò fún ọlọ́pàá. Kò sì sí ẹni tí ebi máa pa. Mo bi ara mi pé ta ló ń bọ́ wọn láti ọdún mẹ́sàn-án. Ọkùnrin kan fẹ́ fi mí ṣaya nígbà kan rí, mo ní kó ní sùúrù kí Kékeré parí ilé ìwé ná, sùúrù tán nínú rẹ̀, ó lọ. Bàbá mọ̀. Ìṣojú wọn ni.

Mi ò sunkún. Omijé ì bá dára. Etí mi kàn ń hó.

Oníka-Méjì ti gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù. "Ó dáa, màdáàmù. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta... ló... ni..." Ó ń wá lẹ́tà.

"Ẹ sún kúrò níbẹ̀," mo ní.

"Kí lẹ wí?"

"Ẹ sún. Ẹ ti dá mi lágara. Èmi fúnra mi ni mo máa táìpù rẹ̀."

Ó wò mí, ó wo ìka rẹ̀, ó sì ti kíbọ́ọ̀dù sọ́dọ̀ mi. Mo fa àga mọ́ra. Tèmi ni mo kọ́kọ́ kọ, mi ò yọ nǹkan kan sílẹ̀: pé èmi ni Etí Bàbá, ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, iye fíìmù, pé mo mọ̀ pé olè ni. Lẹ́yìn náà ni mo dé ibi tí wọ́n ti bi mí pé ta ló ni ìkànnì. Ọwọ́ mi dúró. Mo rántí ìlérí tí mo ṣe nínú kíṣìnnì, pé wọn ò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi. Ẹnu mi ò sọ nǹkan kan. Mo táìpù orúkọ Kékeré, ti inú ìwé ìbí rẹ̀, mo táìpù àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo táìpù gbogbo rẹ̀ débi tó parí sí. Nígbà tí mo ṣe tán, Oníka-Méjì kà á, ó ní òun ò rí sitetimẹ́ǹtì tó mọ́ tó báyìí rí. Mo ní ó ṣeun.

Akọ̀wé àgbà ló wá dúró fún mi kí wọ́n tó fi mí sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí a ṣe ń jáde ni wọ́n ń mú Kékeré wọlé, wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. A pàdé ní kọ́ríídọ̀. Ó dúró, ó ń wò mí bí ẹni tí mo gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Àǹtí, èmi lẹ ṣe báyìí sí?"

"Ìwọ lo mú Bàbá wọ mọ́tò wá síbí," mo ní. Mo sì kọjá.

Kóòtù ti kọ̀wé sí mi kí n jókòó sílé títí ẹjọ́ máa fi parí. Ọmọbìnrin kan ti wà lórí àga mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sílé Bàbá. Aago mẹ́ta ti kọjá. Tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn, fíìmù àtijọ́ kan ló ń lọ lórí rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nísàlẹ̀, torí ọlọ́pàá ti gba fláàṣì. Bàbá jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n tẹ ọrùn síwájú, wọ́n ń wo ẹnu àwọn èèyàn. Nígbà tí wọ́n rí mi, ojú wọn tàn. Àfi bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé.

"Etí Mi, o ti dé. Mo mọ̀ pé wọ́n á fi ọ́ sílẹ̀. Ìwọ mọ adájọ́, o mọ lọ́yà. Kékeré ò mọ ẹnikẹ́ni. Òun ló ní tí a bá ti fi ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ hàn wọ́n, pé ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Ìwọ lágbára jù ú lọ. Láti kékeré lo ti lágbára jù ú lọ."

Wọ́n ti síléètì àti ṣọ́ọ̀kì sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì. Mo wo páálí oògùn wọn. Láti Ọjọ́rú tí wọ́n ti gbé fláàṣì lọ, wọn ò tíì lo ọ̀kan. Mo bu omi, mo fi èyí tó funfun sí wọn látẹ́lẹwọ́, wọ́n gbé e mì. Aago mẹ́rin lù.

Lórí tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin arúgbó kan ń bá ọmọbìnrin kan sọ̀rọ̀. Bàbá yíjú sí mi.

"Etí Mi, kí ló sọ?"

Mo dá wọn lóhùn. Mo jókòó síwájú wọn, mo la ẹnu, mo sì sọ ọ́ tán pátá. Mo sọ ti lẹ́tà, mo sọ ti wákàtí kan, mo sọ ti ẹni tí ebi ò ní pa, mo sọ ti ọkùnrin tó lọ, mo sọ ti ọjọ́ tí ìyá wa kú. Mi ò pariwo. Mo ní, "Bàbá, ẹ dà mí. Èmi ni mo jẹ́ etí fún yín, ẹ sì gé mi dànù." Ojú wọn ò kúrò lẹ́nu mi. Wọ́n ń tẹ̀ lé ètè mi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ti àwọn inú fíìmù, wọ́n tẹ ọrùn síwájú, wọ́n ń gbìyànjú.

Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n gbé síléètì, wọ́n nà án sí mi.

"Kọ ọ́ fún mi," wọ́n ní.

Mo gba síléètì lọ́wọ́ wọn, mo gbé e padà sórí tábìlì. Mo fi páálí oògùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí ọwọ́ wọn ti lè tó o. Lẹ́yìn náà mo gbé báàgì mi, mo lọ sílé.